Ọgbà Ẹ̀wọ̀n àti Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Òbí ní Ìkìrun, Inísà àti Òkukù

Bí ohun kan bá wà tí àwọn òbí ní Ìkìrun, Inísà àti Òkukù ń fi ṣe àdúrà lójoojúmọ́, òun ni pé kí ọmọ wọn kàwé dé ibi tí ìwé gbé pin. Ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí tẹ̀lé ara wọn ní ọ̀nà tí ó ti Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà, ní ẹkùn tí ọkọ̀ ojú irin ti ń gbà kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá. Àwọn àgbẹ̀, àwọn oníṣòwò àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ ti ta ilẹ̀, wọ́n ti dá èésú, wọ́n sì ti jẹ gbèsè nítorí owó ilé ìwé. Lónìí, ilé ẹ̀kọ́ gíga kò jìnnà sí wọn mọ́. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí a dá sílẹ̀ ní 2006, ní ọgbà kan ní Òkukù gan-an, níbi tí a ti ń kọ́ ìmọ̀ ìṣàkóso àti ìmọ̀ àwùjọ. Pólì ti Ìpínlẹ̀ náà sì wà ní Ìrèé, tí kò jìnnà sí Ìkìrun. Ọmọ lè jẹun àárọ̀ ní ilé ìyá rẹ̀ ní Inísà, kí ó sì dé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ní Òkukù kí iṣẹ́ ọjọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilé mìíràn wà tí ó ń gba ọmọ lọ́wọ́ òbí, èyí tí a kì í dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà, àfi kí a bẹ Ọlọ́run kí Ó má jẹ̀ẹ́ kí a mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni. Ní Iléṣà, ilé méjèèjì wà nínú ìlú kan náà: Yunifásítì Iléṣà, tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi òfin dá sílẹ̀ ní 2022, àti ọgbà ẹ̀wọ̀n tí a ń kó àwọn ará Ọ̀ṣun lọ. A fẹ́ bá ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ lónìí lórí bí ilé kejì ṣe ń ti ilẹ̀kùn ilé àkọ́kọ́. Ohun tí ó hàn sí wa nínú ọ̀ràn náà nìyí: fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́, kì í ṣe ìdájọ́ ni ó já ìwé gbà lọ́wọ́ wọn, ìdúró de ìdájọ́ ni.

Àwọn tí ó wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ Nàìjíríà lé ní 70,000. Nínú ẹni mẹ́ta tí ó wà níbẹ̀, ó tó ẹni méjì tí ilé ẹjọ́ kankan kò tíì dá lẹ́bi. Wọ́n ń retí ìdájọ́ ni. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá 2021, nígbà tí àwọn agbébọn fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Abólóńgò ní Ọ̀yọ́, àwọn tí ó sá jáde lé ní 800, gbogbo wọn sì jẹ́ àwọn tí ń retí ìdájọ́. Ẹ wo bí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ti pọ̀ tó nínú ọgbà kan ṣoṣo, tí a kò tíì mọ̀ bí wọ́n jẹ̀bi tàbí wọn kò jẹ̀bi! Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Kí ni a ó wá pe ìlú tí kò gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan rárá, tí ó sì ti fi ènìyàn sí àtìmọ́lé fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta?

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọkùnrin ẹni ọdún 18 kan ní Ìkìrun ṣe àpẹẹrẹ, kí a lè rí bí nǹkan náà ti ń rí. Wọ́n jí alùpùpù kan ní àdúgbò, wọ́n sì fi ọ̀bẹ halẹ̀ mọ́ ẹni tí ó ni ín. Àwọn ọlọ́pàá kó àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bá níbi ìtàgé ọtí kan, ọmọ yìí sì wà láàrin wọn. Bí wọ́n bá pe ẹ̀sùn náà ní ìdigunjalè, ọ̀ràn ikú ni, ilé ẹjọ́ májísíréètì kò sì ní agbára láti gbọ́ ọ. Ohun tí adájọ́ ibẹ̀ lè ṣe ni kí ó pàṣẹ pé kí a fi í pamọ́ sínú ẹ̀wọ̀n, títí tí ìwé ẹ̀sùn yóò fi lọ sí ọ́fíìsì ètò ìdájọ́ ní Òṣogbo fún ìmọ̀ràn. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ẹni tí ó mọ ìgbà tí ìwé náà yóò padà. Ọlọ́pàá tí ó ṣe ìwádìí lè ti ṣí lọ sí ìlú mìíràn. Ọkọ̀ tí ó yẹ kí ó gbé ẹlẹ́wọ̀n wá sí kóòtù lè bàjẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù lè daṣẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà fún nǹkan bí oṣù méjì ní 2021. Bí ẹ̀sùn náà bá sì fúyẹ́, tí adájọ́ fún un ní béèlì, ó lè béèrè onídùúró tí ó ní ilé tàbí ilẹ̀ tí ó ní ìwé. Bírísídì ni baba ọmọ náà. Ta ni yóò bá a dúró?

Ẹ wá wo ìwé rẹ̀. Ìdánwò WAEC ti àwọn ọmọ ilé ìwé gíga a máa bọ́ sí àárín ọdún, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún. Ìdánwò JAMB náà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni. Máàkì tí ọmọ bá sì gbà níbẹ̀, ọdún kan ṣoṣo ni ó fi wúlò. Ọmọ tí a mú ní oṣù kẹta, tí a sì dá sílẹ̀ ní oṣù kẹfà, tí adájọ́ wí fún pé kò jẹ̀bi, kí ó máa lọ sílé lálàáfíà, ti pàdánù ìdánwò méjèèjì. Oṣù mẹ́ta ni ìjọba kà sí i lọ́rùn, ṣùgbọ́n ọdún kan gbáko ni ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ó bá wà ní yunifásítì tẹ́lẹ̀, orúkọ rẹ̀ lè ti kúrò nínú ìwé nítorí pé kò wá sí kíláàsì, kò san owó, kò sì sí ẹni tí ó kọ̀wé dípò rẹ̀. Kò sí ilé ẹjọ́ kan tí ó dá a lẹ́jọ́ pé kí ó má kàwé mọ́. Síbẹ̀ ìyà náà ni ó jẹ.

Kì í ṣe ẹni tí a tì mọ́lé nìkan ni ọ̀ràn yìí kàn. Bí a bá mú baba ilé, tí ó jẹ́ pé òun ni ó ń wa mọ́tò tàbí tí ó ń ro oko, owó ilé ìwé ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin dúró ní ọjọ́ náà. Ìyá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pín owó kékeré tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin: owó agbẹjọ́rò, owó ọkọ̀ lọ sí Iléṣà àti àbọ̀, oúnjẹ tí yóò gbé lọ fún ọkọ rẹ̀, àti oúnjẹ ilé. Ọmọ tí ó dàgbà jù, tí ó ti gba ìwé ìgbaniwọlé sí Òkukù tàbí Ìrèé, ni yóò kọ́kọ́ sọ pé, "Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n lọ kọ́ṣẹ́ ná, bí ó bá di ọdún tí ń bọ̀ n ó wọlé." Ọdún tí ń bọ̀ náà a sì máa pẹ́ kí ó tó dé.

A kò sọ pé kí a má mú arúfin. Jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì ti di àrùn láàrin àwọn ọ̀dọ́ wa, ilé tí a sì fi owó rẹ̀ kọ́ kì í ṣe ilé ayọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ń gbà mú ènìyàn wà. Ní òru ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2023, Àjọ EFCC ya wọ ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń gbé ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì kó nǹkan bí 70 lọ. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pariwo, àwọn aláṣẹ yunifásítì dá sí i, a sì dá ọ̀pọ̀ jù nínú wọn sílẹ̀ láàrin ọjọ́ díẹ̀. Alága Àjọ náà, Ọ̀gbẹ́ni Ọlá Olúkòyédé, pàṣẹ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ òun ṣíwọ́ irú ìkọlù òru bẹ́ẹ̀. Ẹ kíyèsí ohun tí ó gba àwọn ọmọ wọ̀nyí: wọ́n ní ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ fún wọn. Ọmọ tí ó ṣì ń gbáradì fún ìdánwò WAEC ní Inísà kò ní ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, kò sì sí ọ̀gá yunifásítì tí ó mọ orúkọ rẹ̀. Ìlú rẹ̀ nìkan ni ó ní.

Kí ni òfin sọ? Ìwé Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, ní abala 35, sọ pé ẹni tí a bá mú, a gbọ́dọ̀ gbé e dé iwájú ilé ẹjọ́ láàrin ọjọ́ kan bí ilé ẹjọ́ bá wà láàrin kìlómítà 40 sí ibi tí a tì í mọ́. Ilé ẹjọ́ wà ní Ìkìrun, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè sọ ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí pé ilé ẹjọ́ jìnnà. Abala kan náà sọ pé ẹni tí ó wà ní àtìmọ́lé láìsí béèlì, tí a kò sì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ láàrin oṣù méjì, ó yẹ kí a tú u sílẹ̀, yálà láìsí àdéhùn tàbí pẹ̀lú àdéhùn tí yóò mú un padà wá jẹ́jọ́. Ìwé Òfin yọ ẹ̀sùn tí ó la ikú lọ kúrò nínú èyí, ìdí sì nìyẹn tí orúkọ tí ọlọ́pàá kọ́kọ́ fún ẹ̀sùn fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Ní 2019, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tuntun tí ó yí orúkọ ilé-iṣẹ́ ẹ̀wọ̀n padà sí ilé-iṣẹ́ àtúnṣe ìwà. Òfin náà fún àwọn alábòójútó ọgbà ní agbára láti kọ̀ láti gba ẹlòmíràn sí i nígbà tí ọgbà bá ti kún. Ó sì la ọ̀nà ìjìyà mìíràn tí kì í ṣe ẹ̀wọ̀n, bí iṣẹ́ ìlú ṣíṣe. Òfin wà, ẹ̀yin ará. Ẹni tí yóò pè é jáde ni ó ṣọ̀wọ́n.

Àwọn kan yóò wí pé, "Kò burú, bí ọmọ bá tilẹ̀ wà lẹ́wọ̀n, ṣé kò lè kàwé níbẹ̀ ni?" Òótọ́ ni pé ó ṣeé ṣe, ó sì dùn mọ́ wa láti sọ ọ́. Yunifásítì tí a ń pè ní NOUN, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1983, tí ìjọba ológun tì pa ní 1984, tí Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sì jí dìde ní 2001, ní ibùdó ẹ̀kọ́ nínú àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n, bíi Kírikírì ní Èkó àti Kùjẹ́ ní Àbújá. Kì í gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó wà lẹ́wọ̀n, kò sì béèrè ìdánwò JAMB. Kírẹ́dì márùn-ún ni ó ń béèrè. Ọbásanjọ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n láti 1995 sí 1998. Nígbà tí ó kúrò ní ipò Ààrẹ, ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìmọ̀ Ọlọ́run ní yunifásítì kan náà, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní 2018. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹni tí ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá ní 1955, wà lẹ́wọ̀n láti 1963 sí 1966, ó sì kọ ìwé lórí òfin ilẹ̀ Nàìjíríà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Kàlàbá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a má fi èyí tan ara wa. Awólọ́wọ̀ ti di agbẹjọ́rò kí ó tó wọ ẹ̀wọ̀n. Ọbásanjọ́ ti jẹ́ olórí orílẹ̀-èdè rí. Wọ́n gbé ìmọ̀ wọn wọlé ni. Ọmọ tí kò tíì ní kírẹ́dì márùn-ún kò ní ohun tí yóò gbé wọlé. Ẹni tí adájọ́ ti fún ní ọdún márùn-ún mọ iye ọdún tí yóò lò, ó sì lè pín in sí ìdánwò àti ìsinmi. Ẹni tí ń retí ìdájọ́ kò mọ̀ bóyá ọ̀la ni yóò lọ sílé tàbí ọdún mẹ́ta sí i. Báwo ni yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin? Ọjọ́ ìdánwò rẹ̀ gan-an lè jẹ́ ọjọ́ tí wọn yóò gbé e lọ sí kóòtù. Ìdúró yẹn tún ń ba ìwé tí ó wà nínú ọgbà pàápàá jẹ́.

Ìbéèrè líle kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ sá fún. Obìnrin tí wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjà Ìkìrun, tí kò rí owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ san nítorí olè náà, lè bi wá pé, "Ṣé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ẹ fẹ́ kí a fún ẹni tí ó jà mí lólè, nígbà tí ọmọ tèmi jókòó sílé?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú ọgbọ́n dání. Ìdáhùn wa ni pé ẹni tí ó jẹ̀bi yóò padà wá sí ìlú ní ọjọ́ kan, bí kò ṣe ẹni tí a dá lẹ́jọ́ ikú tàbí ẹ̀wọ̀n gbére. Àwọn ará Amẹ́ríkà, níbi tí ó tó nǹkan bí 2,000,000 ènìyàn tí ó wà ní àtìmọ́lé, ti dán ọ̀nà kejì wò. Ní 1994, wọ́n ṣe òfin tí ó gba owó ìrànlọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tálákà kúrò lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n, ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó ń kọ́ni nínú ẹ̀wọ̀n sì tì. Ní 2013, ilé ìwádìí RAND kó àwọn ìwádìí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún jọ, wọ́n rí i pé ewu kí ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ lẹ́wọ̀n tún padà síbẹ̀ fi 43 nínú 100 kéré sí ti ẹni tí kò kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n tún òfin náà ṣe ní oṣù kejìlá 2020, owó náà sì padà sọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n láti ọjọ́ kìíní oṣù keje 2023. Ó tó nǹkan bí ọdún 30 kí wọ́n tó yí ọkàn padà. Nítorí náà, obìnrin ọlọ́jà náà ni ẹ̀kọ́ ẹlẹ́wọ̀n ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún.

Àwa pẹ̀lú ti fẹ́ ṣe irú rẹ̀. Òfin owó yíyá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2023 ka ẹni tí a bá ti dá lẹ́bi ọ̀ràn ńlá, jìbìtì tàbí oògùn olóró mọ́ àwọn tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó náà. Ní oṣù kẹrin 2024 ni a fi òfin mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tí ó le jù kò sí nínú ìwé. Ẹnu aráyé ni ó wà. Òfin 2019 pàṣẹ pé kí a fún ẹni tí ó hùwà dáadáa lẹ́wọ̀n ní ìwé ẹ̀rí ìwà rere, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe yà á sọ́tọ̀ nítorí ẹ̀wọ̀n tí ó ṣe. Ṣé a ń pa á mọ́ ní àdúgbò wa? Ọmọ tí a dá sílẹ̀ láìlẹ́bi ni a ṣì ń pè ní "ẹni tí ó ti ẹ̀wọ̀n dé", tí àwọn òbí sì ń sọ fún ọmọ wọn kí ó má bá a kàwé pọ̀.

Kí ni kí a ṣe? Èkíní, bí wọ́n bá mú ọmọ ẹnikẹ́ni, kí àgbà ilé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní ọjọ́ náà gan-an, kí ó mọ ẹ̀sùn tí wọ́n kọ sílẹ̀. Béèlì ọlọ́pàá, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò lè lọ bá Ìgbìmọ̀ Ìrànlọ́wọ́ Òfin ti ìjọba àpapọ̀, tí a ń pè ní Legal Aid Council, tí ó ní ọ́fíìsì ní gbogbo ìpínlẹ̀.

Èkejì, kí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní àwọn ẹni iyì tí wọn yóò máa dúró fún ọmọ tálákà. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe rò pé ọkùnrin nìkan ni ó lè ṣe onídùúró. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀ ní 2015 sọ pé a kò gbọdọ̀ kọ ẹnikẹ́ni ní onídùúró nítorí pé ó jẹ́ obìnrin.

Ẹ̀kẹta, kí a gba ìwé ọmọ náà là. Kí a kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kíákíá, kí a bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá àyè rẹ̀ dúró, kí orúkọ rẹ̀ má bàa bọ́. Kí a tọ́jú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ àti nọ́ńbà NIN rẹ̀, nítorí ẹni tí kò ní nọ́ńbà náà kò lè forúkọ sílẹ̀ fún JAMB. Nígbà tí a bá sì ń gbé oúnjẹ lọ sí Iléṣà, kí a gbé ìwé pẹ̀lú rẹ̀, kí a sì béèrè lọ́wọ́ àwọn wọ́dà irú ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ àti bí ẹni tí ń retí ìdájọ́ ṣe lè wọ inú rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, nígbà tí ó bá padà, kí a dá a padà sí kíláàsì kí a tó dá a padà sí ìsọ̀ mẹkáníìkì. Iṣẹ́ ọwọ́ kò ní ẹ̀gàn nínú, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó jẹ́ ìjìyà fún ẹni tí kò ṣẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Kò sí ìdílé tí ó lè búra pé òkò yìí kò ní ba òun. Nítorí náà, a bẹ àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní Ìkìrun, Inísà àti Òkukù, pé nígbà tí wọ́n bá jókòó ní ìpàdé tí ń bọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ka owó gbọ̀ngàn àti owó ọdún ìlú tán, kí wọ́n bèèrè ohun mẹ́ta: ta ni nínú àwọn ọmọ wa ni ó wà ní Iléṣà, oṣù mélòó ni ó ti ń dúró de adájọ́, àti kíláàsì wo ni ó wà nígbà tí wọ́n mú un? Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn náà sílẹ̀, kí wọ́n sì yan ẹni tí yóò lọ síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà.